Ẹ Tú Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Gbin Igi



Àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ àsàláátù kan ní Ofosu, lágbègbè Ìdànrè, ránṣẹ́ sí wa. Ilẹ̀ kan wà nítòsí wọn tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ pupa kó lọ, tí ẹni tí ó wà á kò sì padà wá dí i. Bí òjò bá rọ̀, omi a kún kòtò náà, ẹ sì mọ̀ bí ọmọdé ti rí: ibi tí a ní kí wọ́n má dé ni wọ́n ń lọ. Àwọn ìyá náà àti àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti pinnu láti ṣe ọ̀wẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, kí wọ́n gbin igi síbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n bèèrè irú igi tí ó yẹ.

A kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí igi, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ náà ná. Ẹni tí ó bá dá oko rí mọ̀ pé inú ilẹ̀ dúdú òkè ni oúnjẹ ọ̀gbìn wà. Òun gan-an ni kátápílà kọ́kọ́ ń hó kúrò. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni amọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tí taya ọkọ̀ ńlá ti tẹ̀ títí tí ó fi le bí ilẹ̀ yàrá. Bí ẹ bá gbẹ́ ihò kékeré, tí ẹ ki igi bọ̀ ọ́, gbòǹgbò rẹ̀ yóò máa yí po bí ẹni tí a tì mọ́lé. Bí ọyẹ́ bá dé, igi náà á kú.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ níbi tí owó gbé pọ̀ ju tiwa lọ. Ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú lórí òkè, òfin 1977 sọ ọ́ di dandan pé kí awakùsà tún ilẹ̀ ṣe. Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́: wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pinpin kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ, wọ́n sì fún irúgbìn koríko sí i. Koríko hù, ṣùgbọ́n igbó kò padà. Láti 2009 ni ẹgbẹ́ Green Forests Work ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ará àdúgbò jọ láti gbin igi sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn wọ̀nyí tó dé, ẹ̀rọ eléyín irin gígùn á ti fa ilẹ̀ náà ya dé ìsàlẹ̀. Kátápílà ló bà á jẹ́, kátápílà náà ni wọ́n ń bẹ̀!

Nílé níhìn-ín, Jọ́ọ̀sì ni kí a wò, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ti lọ ṣòwò nígbà tí tánganran tí a fi ń bo agolo ń mówó wọlé. Ilẹ̀ tí ìwakùsà bàjẹ́ níbẹ̀ lé ní 300 kìlómítà onígun mẹ́rin. Kí a tó gba òmìnira ni ìjọba ti ń gbin igi yukalíptọ́ọ̀sì sí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó yá hù, ó sì wúlò fún òpó àti igi ìdáná, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn kì í fẹ́ dàgbà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní tiwọn sọ omi inú kòtò di èyí tí wọ́n fi ń bomi rin tòmátì àti kábéèjì lẹ́ẹ̀rùn. Nítorí náà, bí kòtò tiyín bá ń gba omi dúró, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà láti dí i. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká kí ọmọ má baà bọ́ sí i.

Igi ọgbà tí a ń pè ní agunmaniye, èyí tí a ń gé lẹ́ka rì mọ́lẹ̀ tí í sì hù, ni èmi yóò kọ́kọ́ gbìn. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa fa oúnjẹ inú afẹ́fẹ́ wọ ilẹ̀, ewé rẹ̀ a sì máa jẹrà kíákíá. Ẹ fi ọkọ́ àti dígà tú ilẹ̀, kí ihò fẹ̀, kí ẹ da ìgbẹ́ ẹran, ewé àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ lè mú ìrókò àti afárá wá. Ẹyẹ yóò gbé irúgbìn mìíràn wá fúnra rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ kòtò wúrà, ẹ má fọwọ́ kàn án kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Zamfara, ní 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàrin agboolé pa ọmọdé tí ó lé ní 400.

Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ti fi yé wa pé igi tí Mùsùlùmí gbìn, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ nínú rẹ̀, sàárà ni fún un. Kí a tó jẹ nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yè ná. Ta ni yóò máa pọn omi láti oṣù November títí òjò yóò fi dé? Ta ni yóò ro koríko lọ́dún kejì? Ẹ pín igi mọ́ ara yín lọ́wọ́. Bí agbára yín bá ká 100 péré, 100 ni kí ẹ gbìn. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, tàbí lọ́wọ́ ọ́fíìsì igbó bí ó bá bọ́ sínú igbó ọba.

Bí ọyẹ́ bá kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí wa kí a mọ iye tí ó yè.