Alárenà Kò Tíì Yẹ̀bá

Òwe kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn láti máa pa lóde òní. Wọn a ní bí ojú bá mọ ojú tán, alárenà a yẹ̀bá. Àṣà kan tí ó ti ń gbilẹ̀ láàárín wọn ni wọ́n ń fi òwe náà gbè. Wọn a pàdé oníbàárà lórí ọjà iṣẹ́ bíi Upwork tàbí Fiverr, wọn a bá a dọ́rẹ̀ẹ́, wọn a sì yọ́ nọ́ńbà WhatsApp wọn fún un, kí wọ́n lè jọ máa dòwò pọ̀ lẹ́yìn ọjà, kí làádà má baà kan ọlọ́jà lọ́wọ́. Òwe náà dára. Ibi tí wọ́n ń pa á sí ni kò dára.

Ẹni tí ó bá mọ Kpakungu ní Minna yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nà Bida gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà kan náà ni ó sì lọ sí ọgbà Gidan Kwano ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1983. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń háyà yàrá níbẹ̀, Yorùbá, Núpé, Gbágyì àti Haúsá. Níbi tí iṣẹ́ oṣù kò ti kárí, kọ̀ǹpútà alágbèéká àti dátà ti di ọkọ́ àti àdá. Àwọn kan ń ya àwòrán, àwọn kan ń bá ilé iṣẹ́ kọ ìwé; àwọn tí wọ́n kọ́ èdè Yorùbá pàápàá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fi etí gbọ́ ohùn kọ sínú ìwé. Iṣẹ́ gidi ni, owó gidi ni ó sì ń mú wá. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré.

Kí ni òfin ọjà náà wí? Upwork, tí ó jáde láti inú ìdàpọ̀ Elance àti oDesk ní 2013, tí ó sì gba orúkọ tuntun ní 2015, kò fẹ́ kí oṣìṣẹ́ àti oníbàárà gba nọ́ńbà tàbí àdírẹ́sì ara wọn kí àdéhùn iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí àdéhùn bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè sọ̀rọ̀ níbi tí ó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n owó gbọ́dọ̀ gba inú ọjà kọjá fún ọdún 2 láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé, àfi bí wọ́n bá san owó ìtúsílẹ̀. Òfin Fiverr, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, tún le ju èyí lọ: inú ọjà ni kí ọ̀rọ̀ àti owó máa wà. Ní ti làádà, Fiverr ń gba dọ́là 20 nínú 100 lọ́wọ́ oṣìṣẹ́. Láti 2016 ni Upwork ti ń gba 20 nínú 100 lórí dọ́là 500 àkọ́kọ́ tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá san, kí ó tó máa dín in kù. Ní 2023 ó sọ gbogbo rẹ̀ di 10. Láti 2025, ó di iye tí ó lè wà láàárín 0 sí 15, bí iṣẹ́ bá ṣe rí.

Àwọn tí ń gba ẹ̀bùrú ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní ta ni ó ṣe iṣẹ́? Ta ni ó ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná lọ? Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ dọ́là 100 tí ó mú 80 lọ sílé, tí owó ìfiránṣẹ́ àti ti báńkì tún ń dúró dè é lọ́nà, kò jẹ̀bi bí ó bá kùn. Òótọ́ ni pé làádà náà wúwo. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúwo lè ní ìdí tí ó fi wúwo. Kí ni ọlọ́jà ń ṣe fún un? Òun ni ó mú oníbàárà tí ó wà ní Toronto wá bá ẹni tí kò kúrò ní Minna rí. Òun ni ó gba owó iṣẹ́ àdéhùn lọ́wọ́ oníbàárà tí ó sì dì í mú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lórí Upwork, bí oṣìṣẹ́ bá jíṣẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, tí ọjọ́ 14 sì kọjá tí oníbàárà kò fọhùn, owó náà di ti oṣìṣẹ́. Ẹlẹ́rìí ni ọlọ́jà. Owó ẹlẹ́rìí ni làádà.

Kí á wá padà sórí òwe. Ní ilẹ̀ Yorùbá, nígbà wo ni alárenà ń yẹ̀bá? Ó dìgbà tí ìtọrọ bá parí, tí ìdílé méjèèjì ti mọ ara wọn, tí a sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú gbogbo ènìyàn ni ó fi ń yẹ̀bá. Kò sí ibi tí òwe náà ti wí pé kí ọkọ àti ìyàwó fo fẹ́ǹsì lóru, kí wọ́n sì fi alárenà sílẹ̀ níbi tí ó jókòó sí. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sálọ ni, kò ṣègbéyàwó. Bí ọ̀ràn bá sì bẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ta ni yóò bá a pe ọkọ náà jókòó?

Ẹni tí ó ń wọkọ̀ láti Minna lọ sí Bida mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ̀ gáréèjì àti ọkọ̀ sọ̀ọ́lẹ̀. Sọ̀ọ́lẹ̀ dínwó, ó sì lè yá. Ṣùgbọ́n a kò kọ orúkọ èrò sílẹ̀ níbẹ̀, a kò sì mọ ilé awakọ̀. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti rí nìyẹn. Gbájú-ẹ̀ mọ̀ pé òun kò lè ṣe iṣẹ́ òun lójú ẹlẹ́rìí, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ fi sábà máa ń jẹ́ pé kí á bọ́ sórí Telegram. Bí oṣìṣẹ́ bá ti dé ọ̀hún, wọn a ní kí ó san owó ìforúkọsílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó jíṣẹ́ kí wọ́n tó sanwó. Ó jíṣẹ́ tán, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Kò sì lè ké pe ọlọ́jà, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó lé ẹlẹ́rìí lọ. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Bí oníbàárà náà tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, ewu kò tán. Bí ọlọ́jà bá rí àṣírí náà, ó lè ti àkáǹtì oṣìṣẹ́ pa. Gbogbo ìjẹ́rìí tí àwọn oníbàárà ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún mélòó kan yóò bá a lọ, nítorí pé a kì í kó wọn ru kúrò ní ọjà kan lọ sí òmíràn. Nítorí làádà iṣẹ́ kan, ó ta orúkọ tí ó fi ń rí iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀ràn náà kì í sì í pin sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Oníbàárà tí ọmọ Nàìjíríà kan bá ti fi ẹ̀bùrú hàn kì í ránti orúkọ ẹni náà. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni ó ń rántí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Kpakungu lọ́dún tí ń bọ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Èyí kò wí pé kí á máa jọ́sìn fún ọlọ́jà. Làádà tí kò dín kù bí oṣìṣẹ́ àti oníbàárà ti wù kí wọ́n pẹ́ pọ̀ tó yẹ ní bíbáwí, ó sì yẹ kí àwọn oṣìṣẹ́ fi ohùn kan bá a wí ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìjà gbangba yàtọ̀ sí olè àdábọ̀. Ẹni tí làádà bá wúwo fún lè rò ó mọ́ iye tí ó ń pè. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú oníbàárà lọ lè ní kí ó san owó ìtúsílẹ̀, tàbí kí ó dúró kí ọdún 2 pé. Oníbàárà tí ó sì ti mọ̀ kí ó tó dé Upwork, tirẹ̀ ni. Òfin ìsanwó ọdún 2 yẹn kò kàn án.

Iṣẹ́ kan wá kù fún àwọn olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtumọ̀ èdè láìkọ́ ọ bí a ti ń ka ìwé àdéhùn ti fún un ní ọkọ́ láìfi ààlà oko hàn án. Kí a túmọ̀ àwọn òfin ọjà wọ̀nyí sí Yorùbá tí ó yé ni, kí a sì kà wọ́n ní kíláàsì gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ìwé ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ohun tí ó fọwọ́ sí yóò mọ ọjọ́ tí ó tọ́ kí alárenà yẹ̀bá. Kí ọjọ́ náà tó pé, kí ó jẹ́ kí ó jókòó.