Ta Ni Yóò Bá Wa Gbé Àga? Ọ̀rọ̀ Àwọn Olùyọ̀ǹda Ara Ẹni Nínú Ìjọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ní ọdún 1930, lẹ́yìn tí ìsọjí Òkè-Oyè ti mi ìlú Iléṣà tìtì, oníwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbéra, ó kọrí sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Awakọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí ìjọba fi ń tẹ ọ̀nà ni tẹ́lẹ̀, kí ó tó gbọ́ ìpè ní ọdún 1928. Nígbà tó tọrọ ilẹ̀ àdúrà, igbó tí ará ìlú ń sá fún ni wọ́n fún un. Wọ́n ṣán igbó náà, ó di pápá àdúrà, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá láti ìlú dé ìlú. Ọba Aláayè fúnra rẹ̀ ṣe ìrìbọmi, Alára ti Aramọkọ náà gba ẹ̀sìn tuntun. Dallimore, àlùfáà àgbà àwọn Áńgílíkà tó ń gbé ní Adó-Èkìtì, wá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Orúkọ oníwàásù ni ìwé ìtàn gbé jáde, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti gba àlejò ogún péré rí mọ̀ pé oníwàásù kan ò lè dá irú èrò bẹ́ẹ̀ bójú tó. Ẹnì kan ní láti pọnmi. Ẹnì kan ní láti fi aláìsàn wọ̀ sílé, kí ó tẹ́ ẹní fún un, kí ó sì wá oúnjẹ fún ẹni tó mú un wá.

Lónìí, kò sí oṣù tí ìjọ kan kì í ṣe nǹkan láàárín Ìjerò, Ìpótì, Aramọkọ, Erìjìyàn, Òkèmẹsí àti Ẹ̀fọ̀n. Bí kì í bá ṣe ìkórè, ìsọjí ni, tàbí àyájọ́ ọdún ìdásílẹ̀, tàbí ìpàgọ́ ọ̀dọ́ ní Ìkògòsì, níbi tí John McGee, míṣọ́nárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti bẹ̀rẹ̀ ibùdó lẹ́bàá omi gbígbóná ní 1952. Níbi gbogbo, ẹ̀dùn kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìgbìmọ̀: èèyàn ò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn ìyá márùn-ún kan náà ló ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń bu oúnjẹ, tí wọ́n tún ń fọ ìkòkò.

Ẹ̀dùn yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́ka sí ibi tó ń dunni gan-an. Èèyàn ò wọ́n. Bí a ṣe ń pè wọ́n ni kò dára.

Bí ìpè náà ṣe sábà máa ń lọ nìyí. Akọ̀wé ìjọ yóò dìde nígbà tí ebi ti ń pa ìjọ, tí ọmọdé ti ń sunkún. Yóò ka ìkéde ìgbéyàwó, yóò ka ti ìsìnkú, yóò wá fi gbólóhùn kan kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ pé kí ẹni tí Ẹ̀mí bá darí dúró lẹ́yìn ìsìn fún iṣẹ́ ìkórè. Ta ni wọ́n ń bá wí? Olúkúlùkù gbà pé ẹni tó jókòó ti òun ni. Wọn ò sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Wọn ò sọ aago tí yóò bẹ̀rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ aago tí yóò parí. Ẹni tó dúró lọ́dún tó kọjá sì rántí dáadáa: àga ni wọ́n ní kó wá bá wọn tò, òun náà ló fọ ìkòkò lóru, òun ló tún dá àtíbàbà padà fún ẹni tó ni ín lọ́jọ́ Ajé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ ìkéde lọ́dún yìí, tó rọra mú Bíbélì rẹ̀, tó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Àwọn bàbá wa mọ ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. N. A. Fádípẹ̀ ṣàlàyé àáró àti ọ̀wẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1970, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àgbàlagbà tó bá sì ti lo ìgbà èwe rẹ̀ lóko ní agbègbè Ìjerò lè ṣàlàyé rẹ̀ láìwo ìwé. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ bíi mélòó kan yóò parapọ̀, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́túnla. Gbèsè ni, àsan ni wọ́n sì ń san án. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá já lé léjìká, bóyá ilé ló fẹ́ mọ, bóyá oko àna ló fẹ́ ro, ni yóò pe ọ̀rẹ́, ìyekan àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í lọ dúró sí gbàgede kéde. Ilé ni yóò bá olúkúlùkù. Yóò dárúkọ ọjọ́, yóò sọ bóyá ògiri ni wọ́n ó mọ tàbí òrùlé ni wọ́n ó ṣe. Lọ́jọ́ náà, iyán á ti wà nílẹ̀, ẹmu á ti wà nínú akèrègbè. Tí oòrùn bá ti wọ̀, iṣẹ́ parí. Kò sí ẹni tí yóò jí lọ́jọ́ kejì kó wá rí i pé òun ti di ọmọ ọ̀dọ̀ onílé.

Ìjọ jogún ọ̀wẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé òfin rẹ̀.

Ká ní ìkórè tí irínwó èèyàn yóò wá ni ìgbìmọ̀ ń múra sílẹ̀ fún. Kí wọ́n tó wá ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ: ẹni méjì tí yóò dúró lẹ́nu géètì láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá, ẹni mẹ́ta tí yóò máa fa àwọn arúgbó lọ́wọ́ dé ìjókòó, ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ epo jẹnẹrétọ̀ lọ, àwọn mẹ́rin tí yóò kó àga padà, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bẹ̀ ní nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n ó wá kọ orúkọ èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ó sì lọ bá a nílé. “Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo ọlọ́kadà tó wà ní oríta yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ di mẹ́wàá kí mọ́tò má dí ojú títì. Bó bá ti lu mẹ́wàá, ẹlòmíràn yóò gbà á lọ́wọ́ yín.” Ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ báyìí fún mọ̀ pé wọ́n mọ òun, wọ́n sì mọ iyì àkókò òun. Bó bá ní òun ò ráyè, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Kí wọ́n má fi ègún halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rù mú wá kò yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Oṣù Kẹwàá sí Kejìlá ni ìkórè pọ̀ jù nínú ìjọ, ìgbà náà gan-an sì ni kòkó ń pọ́n lóko. Ìgbìmọ̀ tó bá fi òwúrọ̀ Sátidé pe àgbẹ̀ Aramọkọ tàbí Ìjerò láti wá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ ìdáhùn tí yóò gbà. Ìrọ̀lẹ́ ni kó fún un.

Ó tún yẹ kí wọ́n gbé ojú kúrò lára àwọn ìyá márùn-ún yẹn. Àwọn àgùnbánirọ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ìlú wa láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó sílé lópin ọ̀sẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó bá wọn sọ nǹkan kan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ìjọba Èkìtì wà ní Ìjerò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì mọ bí a ṣe ń di ojú ọgbẹ́, kódà ó ṣeé ṣe kí wọ́n fẹ́ ìwé ẹ̀rí kékeré kan láti ọ̀dọ̀ ìjọ pé wọ́n ṣiṣẹ́ náà. Àwọn Bọ́ìsì Bìrìgéèdì, ẹgbẹ́ tí William Smith dá sílẹ̀ ní Glasgow ní 1883 tó sì dé Èkó ní 1908, kò wà fún lílu ìlù níwájú àlùfáà nìkan. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọn ò gbowó oṣù, ìwúlò wọn kò sì kéré fún ìjọ tí èrò rẹ̀ ń gba ọ̀nà orí òkè láti Ìtàwúrẹ́ wọ Ẹ̀fọ̀n. Àwọn Mùsùlùmí ńkọ́? Ilé tí bàbá ti ń lọ mọ́ṣáláṣí tí ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣàjèjì ní Èkìtì. Bí a bá ní kí àbúrò ìyá ìjọ wá bá wa bójú tó mọ́tò, ẹ̀sìn rẹ̀ kò ní dí i lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ ìlú tó wà l’Ékòó, l’Ábújá àti lókè òkun máa ń fi owó ránṣẹ́. Ó dára, Ọlọ́run á bù sí i. Ṣùgbọ́n owó ò lè dúró lẹ́nu géètì.

Géètì yìí gan-an ló sì yẹ kó kó ìpayà bá àwọn tó ń ṣètò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, èèyàn 31 kú ní Port Harcourt níbi tí ìjọ kan ti fẹ́ pín oúnjẹ àti ẹ̀bùn fún aláìní. Ní oṣù Kejìlá 2024, ọmọdé 35 ló kú ní Ìbàdàn níbi ọdún àwọn ọmọdé, èyí tí kì í tilẹ̀ ṣe ti ìjọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn tún kú ní Òkìjà àti ní ọgbà ìjọ Kátólíìkì kan l’Ábújá, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ Kérésìmesì. Bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: èrò ju àyè lọ, ẹnu ọ̀nà há, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń tì láìmọ̀ pé àwọn tó wà níwájú ti ṣubú. Ìjọ tó bá fẹ́ pín ìrẹsì lọ́dún yìí gbọ́dọ̀ ti pín nọ́ńbà láti ilé dé ilé ṣáájú, kó ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ, kí àwọn arúgbó àti aboyún ní tiwọn lọ́tọ̀, kí àwọn tó ń ṣọ́nà sì ti dé kí èrò tó dé. Bí ìgbìmọ̀ kò bá rí èèyàn tó tó ṣe èyí, kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ bá aláìní nílé. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu ìjọ Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, kò tún yẹ kí ìpàdé ńlá kankan wáyé láìjẹ́ pé ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn mọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìjọ kì í fẹ́ sọ síta. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni à ń fi ọmọdé lé lọ́wọ́. Láti 2011 ni Èkìtì ti ní òfin tó dojú kọ ìwà ipá sí obìnrin àti ọmọdé, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Ní Ìlú Ọba, ìjọ Yorùbá tó bá fẹ́ fi ẹnì kan sídìí ẹ̀kọ́ ọmọdé máa ń gba ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ ìjọba kó tó bẹ̀rẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó ti dẹ́ṣẹ̀ rí. Àwa náà lè béèrè lọ́wọ́ ìjọ tó ti wá, kí a má sì jẹ́ kí àgbàlagbà kan ṣoṣo dá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú yàrá tàbí nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni rere kò ní bínú sí i.

Kí olùṣiṣẹ́ jẹun kí oúnjẹ tó tán. Ó máa ń bani nínú jẹ́ láti rí ọmọbìnrin tó bu oúnjẹ fún ọgọ́rùn-ún èèyàn kó máa ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kí wọ́n fún ẹni tó gun ọ̀kadà wá lówó ọkọ̀ padà. Kí àlùfáà dárúkọ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ṣọ́ epo àti ẹni tó ṣọ́ géètì, bó ṣe ń dárúkọ àwọn tó dá owó ńlá. Ẹni tí a bá sì lò lọ́dún yìí, kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin alága ìgbìmọ̀ ìkórè ní Ìjerò, Aramọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti gbogbo àyíká rẹ̀, ẹ fi ìkéde yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ jókòó lẹ́yìn ìsìn, ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ogún èèyàn tí ẹ ò tíì bẹ̀ níṣẹ́ rí, kí ẹ sì pín ara yín lọ sí ilé wọn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.