Ẹ̀mí abiyamọ, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í tọrẹ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá jó ni, tó sì jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Òwe yìí kì í dùn létí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òwe anìkànjọpọ́n. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọwọ́ tí iná ń jó kò lè pa iná tó wà lára ẹlòmíràn. Bákan náà ni wọ́n máa ń tu obìnrin tó pàdánù ìkókó nínú, tí wọ́n á ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Agbè ni wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lóde òní nígbà tí obìnrin bá kú sórí ìkúnlẹ̀. A ó ní ó fi ẹ̀mí rẹ̀ ra ọmọ. A ó ní abiyamọ tòótọ́ ni. Wọ́n á kọ orin, wọ́n á sọ̀rọ̀ ìyìn, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè níbẹ̀: ṣé òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀mí náà sílẹ̀, àbí ńṣe ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

A kò sọ̀rọ̀ nípa bàbá tó bẹ́ sódò nítorí pé ọmọ rẹ̀ já sí i. Kò sí ẹni tó ń ronú nínú ìyẹn, ara ló ń ṣe é. Èyí tí a ń sọ ni ibi tí àyè ìrònú wà, tí àwọn ẹlòmíràn sì jókòó yí i ká tí wọ́n ń dá sí i.

Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà obìnrin ni Gianna Beretta Molla, nítòsí Milan ní ilẹ̀ Ítálì. Lọ́dún 1961, nígbà tó lóyún ọmọ rẹ̀ kẹrin, wọ́n rí kókó fibroid nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀: kí wọ́n ṣẹ́ oyún náà, kí wọ́n yọ ilé ọmọ náà pátápátá, tàbí kí wọ́n yọ kókó náà nìkan, kí oyún sì wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ló mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an mọ ewu tó wà níbẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí ọjọ́ ìbí súnmọ́, ó sọ fún wọn pé bí ó bá di pé kí wọ́n mú ọ̀kan nínú òun àti ọmọ, ọmọ ni kí wọ́n mú. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹrin, ọdún 1962, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ọmọbìnrin kan fún un. Ní ọjọ́ 28, àrùn tó wọ inú rẹ̀ pa á. Ọmọ ọdún 39 ni. Póòpù John Paul Kejì sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2004, ọkọ rẹ̀ sì wà láyé láti fojú rí i.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí tí kò bá ṣí fìlà, ojú rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá tí àwọn tó ń fi í wàásù fún àwọn obìnrin kì í sọ. Ìjọ rẹ̀ kò fi dandan mú un. Ìlànà ìjọ Kátólíìkì gbà pé bí ilé ọmọ bá ní àrùn tó lè pa ìyá, wọ́n lè yọ ọ́, bí oyún tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì yàn láti má gbà á kọjá. Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn nìyẹn.

Apá kejì ni pé ó ní ọmọ mẹ́ta nílé, tí èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Lọ́dún 1964, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kú, ọmọ ọdún mẹ́fà péré. A kò sọ pé ikú ìyá ló fà á. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ ni àwọn mẹ́ta yẹn náà, wọ́n sì nílò ìyá. Obìnrin mìíràn tí ó bá wà nípò kan náà, tó wo àwọn tó ti wà nílé, tó wá ní òun fẹ́ yè, ta ni yóò pè é ní ìkà ìyá? Àwa kò ní bá wọn pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé. Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún ọdún 2023, nǹkan bíi 75,000 obìnrin ló kú nítorí oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà. Gbogbo àgbáyé lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 260,000. Ó túmọ̀ sí pé bí a bá ka mẹ́rin nínú àwọn tó kú, ó lé ní ẹnì kan tó jẹ́ tiwa. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn tó wọlé sára: nǹkan tí dókítà mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ló ń pa wọ́n. Mélòó nínú wọn ni ẹnikẹ́ni bi léèrè ohun tó fẹ́? Èyí tí kò sí ẹ̀jẹ̀ láti fà sí lára, èyí tó kú sójú ọ̀nà tó kún fún kòtò, èyí tí wọ́n dá dúró sílé agbẹ̀bí nítorí pé wọ́n ní ẹlẹ́mìí Ọlọ́run kì í ṣe iṣẹ́ abẹ, kò sí èyí tó fi ara rẹ̀ rúbọ nínú wọn. Àìbìkítà àwa alààyè ló pa wọ́n, a wá ń fi orúkọ dáadáa bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń rọbí ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga sókè, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù jáde, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e fún ẹni tí wọ́n fẹ́ la ikùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń wá, ìyẹn sì wà lójú ọ̀nà Èkó níbi tí mọ́tò kò ti lọ. Ìyá ọkọ, tí kì í ṣe èèyàn burúkú rárá, ń lọ ó ń bọ̀, ó ń wí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣáà má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe ọmọ inú yẹn o." Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀, bàbá ọmọ ń bọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ni ikùn. Ẹ fún mi ní bírò." Wọn kò fún un. Nǹkan bíi wákàtí méjì kọjá kí ọkọ tó dé. A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ. Ká ní ó bọ́ sódì ni, mo mọ irú orin tí wọn ìbá kọ níbi ìsìnkú rẹ̀.

Òfin kò ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà gbọ́ ẹjọ́ dókítà kan tí wọ́n fìyà jẹ nítorí pé kò fa ẹ̀jẹ̀ sára obìnrin kan tó bímọ, tí obìnrin náà kò gbà á nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, tó sì kú. Ilé ẹjọ́ dá dókítà náà láre, wọ́n ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ni àṣẹ lórí ara rẹ̀. Bí obìnrin bá ní àṣẹ láti kọ ìtọ́jú tó lè yọ ọ́ nínú ikú, báwo ni kò ṣe ní àṣẹ láti gba èyí tí yóò mú un yè? Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní kí wọ́n ṣàlàyé ipò ara fún ẹni tó wá gba ìtọ́jú àti àwọn ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un. Abala 297 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù náà sì gbà pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn dókítà tó bá fi òótọ́ inú ṣe iṣẹ́ abẹ lórí ọmọ inú láti fi dá ẹ̀mí ìyá sí.

Àwọn kan yóò bi wá pé, ọmọ inú tí kò lẹ́nu ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín ọmọ bá bàjẹ́ lónìí, tí ti bàbá rẹ̀ sì bá a mu, kò sí òfin tó lè fi ipá mú bàbá náà kó yọ ọ̀kan fún un. Bí ó bá yọ ọ́, a ó kí i. Bí kò bá yọ ọ́, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìyá nìkan ni wọ́n ń béèrè gbogbo ara lọ́wọ́ rẹ̀? Àwa Yorùbá ṣe tán, ìrúbọ tí a ń kọrin rẹ̀ jù, ti Mọ́remí ni, ọmọ rẹ̀ Olúorogbo ló sì fi san ẹ̀jẹ́. Nínú gbogbo bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn náà, a kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti bi Olúorogbo léèrè.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìwòsàn kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n yé fi ìbuwọ́lùwé ọkọ ti ìlẹ̀kùn mọ́ aya tí orí rẹ̀ pé. Nígbà tí aboyún bá wá fún ìtọ́jú, kó tó di ọjọ́ ìrọbí, kí nọ́ọ̀sì pe òun nìkan sí kọ̀rọ̀, kó bi í pé bí nǹkan bá le, kí ni ẹ fẹ́ ká ṣe? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú káàdì rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n pe ọkọ àti ìyá ọkọ wọlé láti gbọ́ ọ. Bí ọkàn rẹ̀ bá sì yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú ìrora, kí wọ́n fa ìlà sórí ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kọ tuntun.