Àgbo Kì Í Fọ Kíndìnrín

Láti Ọ̀yìngbò dé Dùgbẹ̀, èèyàn kì í wá ẹni tó ń polówó àgbo "afọ-kíndìnrín" tì. Wọ́n ní èérí oúnjẹ àti ti oògùn òyìnbó máa ń lẹ̀ mọ́ kíndìnrín bí dúdú ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, àfi kí a fi nǹkan kíkorò ṣí i. Bí ẹni tó mu ún bá wá tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ó gbà pé ìdọ̀tí ti jáde.

Irọ́ ni, irọ́ tó léwu sì ni.

Asẹ́ tíntìntín bíi mílíọ̀nù kan ló wà nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Láàárín wákàtí 24, omi tí àwọn méjèèjì ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tó lítà 180. Àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ tó tẹ̀lé asẹ́ yìí a wá fa èyí tó wúlò padà: ṣúgà, iyọ̀, àti èyí tó pọ̀ jù lọ nínú omi náà. Lítà kan sí méjì péré ló ń di ìtọ̀, òun ló sì ń kó yúríà àti kiriatínìnì, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀, lọ.

Oògùn ńkọ́? Ní Oxford lọ́dún 1941, wọ́n fi pẹnisílínì tọ́jú ọlọ́pàá kan, Albert Alexander. Oògùn náà ṣọ̀wọ́n, kíndìnrín sì ń yára tì í jáde débi pé ìtọ̀ ọkùnrin náà ni àwọn oníṣègùn ń gbà jọ, tí wọ́n ń yọ pẹnisílínì inú rẹ̀ láti tún fún un. Kò sí àgbo kankan níbẹ̀.

Inú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àgbo ń gbà dé kíndìnrín, ẹrù mìíràn ló sì ń dì lé e lórí. Ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó lé ní 100 obìnrin tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ nítorí egbòogi tí wọ́n lò kí wọ́n lè fọn. Aristolochia, ewéko tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ló wà nínú rẹ̀.

Ìtọ̀ púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ìlera: ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń kú lè ṣì máa tọ̀ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àlòjù oògùn ara ríro wà lára ohun tó ń pa kíndìnrín. Kí ẹni tó ní owó àgbo lọ́wọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sì ní kí wọ́n yẹ kiriatínìnì inú ẹ̀jẹ̀ àti purotéènì inú ìtọ̀ òun wò, nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì wú, tí ìtọ́jú ṣì lè ran kíndìnrín lọ́wọ́.