Ẹyẹlé Kì Í Dá Ara Rẹ̀ Tọ́jú

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ọmọ ẹyẹlé náà lò láyé. Ojú rẹ̀ ti là, ìyẹ́ ti ń ta lápá rẹ̀, àgbàdo tí ìyá rẹ̀ pọ̀ sí i lẹ́nu nírọ̀lẹ́ àná ṣì wà lọ́fun rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti gan sínú ìtẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá la ẹnu rẹ̀ wò, yóò rí nǹkan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi wàrà tó dì, tó lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pinpin. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó la ẹnu rẹ̀ wò. Wọ́n gbé e jù sí ààtàn, wọ́n ní ẹyẹ kú, ọ̀rọ̀ parí.

Bí ọmọ ẹyẹlé ṣe ń ṣòfò nìyẹn láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí wọ Èfìrè àti Àbígí létí omi. Bí wọ́n bá bi ẹni tó ni ẹyẹ léèrè ohun tó pa á, á ní òjò ni, á ní òtútù ni. Ẹlòmíì á tilẹ̀ ní àwọn ayé ló ń fọwọ́ tọ́ ọ̀sìn òun. Òjò kọ́, ayé kọ́. Èrò kan ló ń pa ọmọ ẹyẹlé nílẹ̀ yìí: èrò pé ẹyẹlé kì í fẹ́ ìtọ́jú. Ẹni tó ń ra oúnjẹ àpò fún adìẹ, tó ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kì í náwó lórí ẹyẹlé ju ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo lọ.

Èèyàn lè mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ẹyẹlé ń fò jáde láàárọ̀, ó ń wá oúnjẹ ara rẹ̀ kiri, ó sì ń darí wálé nírọ̀lẹ́ láìsí ẹni tó pè é. Yorùbá ti fi ìwà rẹ̀ pòwe tipẹ́: ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ikú kó yẹrí. Òun ni wọ́n ń dárúkọ bí wọ́n bá ń wúre kí ilé tutù, kí ó kún fún ọmọ. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní ọdọọdún, níbi ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú, ẹyẹlé funfun ni Ààrẹ Nàìjíríà ń tú sílẹ̀ fún àmì àlàáfíà. Ẹyẹlé kò gbàgbé onílé. Onílé ló gbàgbé ẹyẹlé.

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbòmíì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n ta ẹyẹlé kan ní orílẹ̀-èdè Belgium ní mílíọ̀nù 1.6 owó yúrò. Abo ni, ọmọ ọdún méjì. New Kim lorúkọ rẹ̀. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ló sìn ín ní ìlú Berlaar, nítòsí Antwerp, ará Ṣáínà ló sì rà á. Irú ẹyẹlé tí wọ́n fi ń sáré ìje ni: wọ́n á gbé wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n á tú wọn sílẹ̀, èyí tí eré rẹ̀ bá le jù lọ dé ilé ló gbẹ̀bùn.

Irú ẹyẹ kan náà ni New Kim àti ẹyẹlé tó ń kún lórí páànù ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó. Charles Darwin, tó sin oríṣiríṣi ẹyẹlé fúnra rẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1859 pé gbogbo ẹyẹlé ilé, bó ti wù kí àwọ̀ àti ìrísí wọn yàtọ̀ tó, ọ̀dọ̀ ẹyẹlé inú àpáta kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ti Belgium di olówó iyebíye ni pé wọ́n ń yan òbí, wọ́n ń tọ́jú ọmọ, wọ́n sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmọ ẹyẹlé bá ti pé bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́jọ, wọ́n á ki òrùka onínọ́ńbà bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá ti tóbi sí i, òrùka kò ní yọ mọ́. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ọdún tí ẹyin rẹ̀ pa, bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ìtẹ́ tó ti jáde.

Ọlọ́sìn Ìjẹ̀bú kò ní láti lé mílíọ̀nù yúrò. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ bí ẹyẹ tó wà nílé rẹ̀ ṣe ń bímọ.

Ẹyin méjì ni ẹyẹlé ń yé. Bó bá yé àkọ́kọ́ nírọ̀lẹ́ òní, ọ̀sán ọ̀túnla ni èkejì yóò dé. Kì í sàba dáadáa títí èkejì yóò fi balẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá rí ẹyin kan tó tutù nínú ìtẹ́ kò gbọdọ̀ kó o dànù pé ìyá ti kọ̀ ọ́. Akọ àti abo ló jọ ń sàba: abo ló ń sùn lé e mọ́jú, akọ á gbà á láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní bí ọjọ́ kẹtàdínlógún sí ìkejìdínlógún, ẹyin á pa. Ohun tí ọmọ náà sì kọ́kọ́ ń jẹ kì í ṣe ọkà. Nǹkan bíi wàrà kan ni, tó ń sun lára àpò oúnjẹ tó wà lọ́fun bàbá àti ìyá. Ní 1933, Oscar Riddle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ọ̀fun ẹyẹlé mọ èròjà ara tí wọ́n sọ ní prolactin, èròjà kan náà tó ń jẹ́ kí omi ọyàn yọ lára ìyá ọlọ́mọ. Láàárín ọjọ́ méjì tí ọmọ ẹyẹlé bá fi mu wàrà yìí, ìwọ̀n rẹ̀ á ti di ìlọ́po méjì.

Inú ìrìn àjò kékeré yìí ni gbogbo wàhálà wà, èyí tó pọ̀ jù ló sì ti wà nílẹ̀ kí ẹyin tó dé rárá.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Akọ ẹyẹlé àti abo kò yàtọ̀ púpọ̀ lójú, nítorí náà ẹlòmíì á ra méjì lọ́jà, á tì wọ́n pọ̀, abo ni àwọn méjèèjì. Wọ́n á mú ara wọn lọ́kọ láya, wọ́n á kọ́ ìtẹ́, ẹyin mẹ́rin á sì jókòó síbẹ̀ láìpa. Ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tún burú ju ìyẹn lọ. Ọmọ méjì tí wọ́n jọ jáde nínú ìtẹ́ kan lè jẹ́ akọ àti abo, bí wọ́n bá sì dàgbà sínú ilé kan náà, wọ́n lè fẹ́ ara wọn. Bí ìyẹn bá ń lọ láti ìran dé ìran, ọmọ á máa kú sínú ẹyin, èyí tó bá sì jáde á máa jẹ́ aláìlera. Ìjẹ̀bú kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí ìdílé. Ó yẹ kí wọ́n wádìí ìdílé ẹyẹlé pẹ̀lú. Kí ọlọ́sìn Ìjẹ̀bú-Igbó fi akọ tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti ará Àbígí, kí ti Àgọ́-Ìwòyè lọ sí Èfìrè. Owó ọkọ̀ nìkan ni yóò ná wọn.

Èkejì ni karawun ẹyin. Abo tí kò rí ohun líle jẹ á máa yé ẹyin tí karawun rẹ̀ rọ̀, tí yóò fọ́ mọ́ ọn nídìí. Àwọn eléré ìje ń ra karawun ẹran omi tí wọ́n ti lọ̀. Ní etí omi Ògùn, níbi tí karawun ìṣáwùrú ti ń pọ̀ lójúde, tí ìkarahun ìgbín sì ń bẹ ní gbogbo ibi ìdáná Ìjẹ̀bú, kò sídìí láti ra nǹkan kan. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n gún un wẹ́wẹ́, kí wọ́n gbé e sínú àwo fún ẹyẹ.

Bí ẹyin bá pé ọjọ́ márùn-ún sí méje, kí wọ́n mú un lálẹ́, kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀yìn. Èyí tó ní ẹ̀mí nínú á fi iṣan pupa tíntìntín hàn bí òwú aláǹtakùn. Èyí tó mọ́ gaara kò ní pa. Ẹni tó bá ń ṣe èyí yóò mọ̀ lọ́jọ́ keje ohun tí ẹlòmíì kò ní mọ̀ títí oṣù yóò fi tán. Bí ìyá kan bá kú, tí ẹyin rẹ̀ ṣì dára, ó lè gbé e sábẹ́ ẹyẹ mìíràn tó yé ní nǹkan bí ọjọ́ kan náà. Ọjọ́ náà ni kó ṣọ́ o. Ẹyẹ tí àsìkò tirẹ̀ kò tíì tó kò ní ní wàrà lọ́fun, ebi ni yóò sì pa ọmọ tí wọ́n gbé fún un.

Ìtẹ́ fúnra rẹ̀ ń pa ọmọ. Lórí pákó dídán tàbí páálí, ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹlé kì í rí ibi dì mú. Á yà sọ́tùn-ún àti sósì, kò sì ní rìn mọ́ láyé. Bí wọ́n bá da igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n gé kéékèèké sí i, ìyẹn ti tó. Ìtẹ́ méjì ni tọkọtaya ẹyẹlé kan nílò, nítorí kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá lè ti fẹ́ yé òmíràn. Bí ìtẹ́ bá jẹ́ ọ̀kan, ọmọ àgbà á tẹ ẹyin fọ́. Bí ìtẹ́ bá kéré sí iye ẹyẹ, akọ á máa jà, ẹyin á máa já bọ́. Kí wọ́n sì yí páànù mọ́ ẹsẹ̀ ilé ẹyẹlé, kí eku àti ejò má baà gùn ún lóru.

Ti ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án tó kú yẹn ńkọ́? Àrùn kan ló pa á, kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ́ Trichomonas gallinae ló sì ń fà á. Ẹyẹlé tó dàgbà lè gbé e sọ́fun fún ọdún láìṣàìsàn. Nínú wàrà ọ̀fun ni ọmọ ti ń gbà á, lọ́dọ̀ òbí tí ara rẹ̀ ń dán. Inú agbada omi ni àwọn àgbà ti ń kó o ran ara wọn. Òògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n dókítà ẹranko ló yẹ kó sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá ń fọ́ òògùn èèyàn sínú omi pẹ̀lú àfojúbù ń kọ́ kòkòrò náà bí yóò ṣe le sí i ni. Kò sì gbọdọ̀ fi èékánná ha nǹkan náà kúrò lẹ́nu ẹyẹ, ẹ̀jẹ̀ lè pa á. Omi mímọ́ láràárọ̀ àti ìtọ́jú òbí kí wọ́n tó gùn ni ìdènà rẹ̀.

Òjò tí wọ́n ń dá lẹ́bi ní ìwọ̀nba tirẹ̀. Ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn kan kiri tó ń yọ bí èépá sí etí ẹnu, ojú àti ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹlé, ẹ̀fọn sì ń pọ̀ lásìkò òjò. Kò sí òògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń ríjẹ sábà máa ń borí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé ilé ẹyẹlé, àti dída omi inú táyà àti agolo nù, ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Òjò yìí náà ló ń mú kí àgbàdo bu. Àgbàdo tó ti bu májèlé ni fún ọmọ ẹyẹ. Àgbàdo nìkan kò sì tó ó: ẹ̀wà ni yóò mú ẹran ara rẹ̀ dàgbà, òtìlí sì dára púpọ̀. Àní àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ẹyẹlé pe òtìlí.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ẹyẹlé kéré jù láti pariwo lé lórí. Kí wọ́n rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1984. Àrùn tó jẹ́ ìbátan lúkúlúkú adìẹ ti wọ àárín àwọn ẹyẹlé ibẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ìgbẹ́ ẹyẹlé dà sí ọkà tí wọ́n kó pamọ́ sí èbúté Liverpool, ọkà náà di oúnjẹ adìẹ, lúkúlúkú sì bẹ́ sílẹ̀ nínú ọgbà adìẹ kan lẹ́yìn òmíràn. Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ọ̀sìn adìẹ jẹun, kò lè sọ pé ọ̀fun ẹyẹlé kò kan òun.

Ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, tó ti wà láti 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ lúkúlúkú. Fásítì ètò ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko. Fásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè gan-an. Kí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú àti ti Etí Omi Ògùn pe irú àwọn wọ̀nyí wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́ àwọn ọlọ́sìn ẹyẹlé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọlọ́sìn adìẹ.

Kó tó dìgbà náà, kí ẹni tó ní ẹyẹlé ra ìwé kékeré kan àti bírò. Kó kọ ọjọ́ tí ẹyin dé, iye tó pa, iye tó yè. Lálẹ́ òní, kó mú tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, kó gbé ọmọ ẹyẹlé inú ìtẹ́ sọ́wọ́, kó la ẹnu rẹ̀, kó wo ọ̀fun rẹ̀.