Iná Kùrukùru Lára Ọkọ̀ Àtijọ́

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, tí kùrukùru òwúrọ̀ sì bo ojú títì, ẹni tó ń wa Peugeot 504 tàbí Carina àtijọ́ lọ sí Ọ̀tùn tàbí Ìdó á rí i pé iná iwájú rẹ̀ kò tó. Kò burú kó fi fọ́ọ̀gù láìtì kún un. Bí àwọn réwáyà kan ṣe ń so ó ni mo lòdì sí. Wọ́n á bó wáyà iná iwájú, wọ́n á lọ́ tuntun mọ́ ọn, wọ́n á fi téèpù dúdú wé e, ó parí! Gílóòbù méjì oníwáàtì 55 lórí bátìrì fóltì 12 ń fa iná tó áńpù 9. Súwíìṣì ọlọ́gbọ̀n ọdún kò lè gbé e. Wáyà á máa gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́, òórùn á ti kọ́kọ́ dé imú awakọ̀ kí èéfín tó yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Rílè ló yẹ kó gbé ẹrù yẹn: wáyà tó nípọn láti orí bátìrì, pẹ̀lú fíúsì áńpù 15 nítòsí bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́bàá iná. Súwíìṣì á kàn máa pàṣẹ fún rílè ni. Kí wọ́n sì ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò níbi tí wọ́n bá ti de wáyà mọ́ bọ́dì. Ìsàlẹ̀ bọ́ńpà ni àyè iná náà. Àwọn tó ń tò ó sórí ọkọ̀ (ṣé ọdẹ ni wọ́n ń lọ ni?), kùrukùru ń da ìmọ́lẹ̀ náà padà sí wọn lójú, ẹni tó ń bọ̀ níwájú kò sì ríran. Owó rílè kò tó owó táyà tòkunbọ̀ kan; ẹni tó bá ní òun ò lówó ẹ̀, kó jókòó sílé títí oòrùn á fi là.