Wáyà Wúruwùru Inú Ọ́fíìsì: Ọ̀rọ̀ Gbogbo Òṣìṣẹ́ Ni

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé nìkan lójú ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kiri ìgboro. Ọ̀rọ̀ wáyà kọ̀ǹpútà ni. Nígbà tí ẹ bá tún dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣírò owó oṣù, tàbí sítọ́ọ̀, tàbí yàrá tí wọ́n ti ń pín ọkọ̀ fún àwọn dírẹ́bà, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa. Wáyà búlúù, wáyà funfun, wáyà aláwọ̀ eérú ni ẹ ó rí, tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ẹran. Òmíràn gba ẹnu ọ̀nà kọjá, òmíràn rọ̀ láti ojú fèrèsé, òmíràn sì wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́.

Àwọn kan ti bi wá pé, kí ló kan dírẹ́bà nínú wáyà akọ̀wé? Ìdáhùn wa ni pé ó kàn án, ó sì kan àpò rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ń tẹ ìka sí lẹ́nu géètì, irú wáyà yìí ló fi ń ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Bí wáyà náà bá já, ẹni tó ti dé láti aago mẹ́fà àárọ̀ lè di ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́ rárá nínú ìwé wọn. Ní ẹ̀ka tiwa yìí, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti dé iwájú wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n gé owó òṣìṣẹ́, ó sì di ìgbà tí a bá wọn jókòó kí wọ́n tó dá a padà. Arábìnrin kan tó ń gbálẹ̀ sì gba ìwé ẹ̀sùn nítorí pé ìgbálẹ̀ rẹ̀ fa wáyà kan yọ. A bi wọ́n nígbà náà, a sì tún ń bi wọ́n báyìí: ta ló fi wáyà sílẹ̀ níbi tí ìgbálẹ̀ ń gbà?

Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn, ti ara ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó gbé páálí fáìlì kò lè rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Iná tó wà nínú wáyà kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ike ni awọ rẹ̀. Bí iná bá ràn mọ́ irú ike tí wọ́n sábà fi ń ṣe é, èéfín dúdú tó nípọn ló ń tú jáde, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ olóró tó ń ta ni lọ́fun. Èéfín sì lè pa ènìyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé wáyà iná gidi, àti extension tí wọ́n ki bọ inú extension mìíràn, wà nínú ìdì kan náà. Wáyà iná tó bá gbé ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ a máa gbóná. Bí a bá tún kó wáyà mìíràn lé e lórí, ooru náà kò ríbi jáde.

Báwo ni nǹkan ṣe dà báyìí? Agbaṣẹ́ṣe kan dé, ó ta wáyà tirẹ̀, ó gba owó, ó lọ. Òmíràn dé lẹ́yìn rẹ̀, kò tú ti àtijọ́, ó ta tuntun lé e lórí. Kò sí ẹni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Lónìí, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti kú.

A gbọ́ pé àwọn aláṣẹ fẹ́ ra ike gígùn onídèérí, èyí tí àwọn oníná ń pè ní trunking, kí wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí wọ́n bá kan kó ìdọ̀tí yìí sínú ike tí wọ́n sì fi ìdérí dé e, ojú nìkan ni wọ́n tọ́jú. Wáyà tó ti bó yóò wà níbẹ̀, a kò sì ní rí i mọ́. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí wọ́n tò ó kí wọ́n tó bò ó.

Èkíní, kí wọ́n tọpa wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí, kí wọ́n kọ nọ́ńbà kan náà sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé.

Èkejì, kí wọ́n yọ gbogbo èyí tó ti kú dànù.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n pààrọ̀ èyí tí kò dára mọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n lọ́ ní méjì méjì. Lílọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí iná ẹ̀gbẹ́ da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Bí a bá ká a kọdọrọ, tàbí tí a fi okùn fún un pa, tàbí tí tayà àga ń gorí rẹ̀, iṣẹ́ a máa falẹ̀, wọn a sì ní akọ̀wé ló ń ṣọ̀lẹ. Kí gígùn rẹ̀ láti ibi àpótí dé ìdí kọ̀ǹpútà má ṣe ju mítà 100 lọ. Kí wọ́n ra ojúlówó bàbà, kì í ṣe alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lára.

Ẹ̀kẹrin, nígbà náà ni kí ike wá dé. Kí wáyà iná ní ọ̀nà tirẹ̀, kí ti kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀. Kí wọ́n má ṣe kì í kún dẹ́nu, nítorí ọ̀la. Kí ó gba ara ògiri tàbí òkè, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Ihò tí wọ́n bá dá sí ògiri, kí wọ́n dí i padà kí èéfín má baà ríbi gbà.

Kí àwọn oníná tó mọṣẹ́ ṣe é, ní ọjọ́ tí ọ́fíìsì wà ní títì, kí wọ́n sì san owó òfátáìmù wọn. A kò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n rán gbálẹ̀gbálẹ̀ tàbí ọlọ́dẹ gorí tábìlì. Síìlì àtijọ́ mìíràn sì wà tí wọ́n fi asbestos ṣe, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí wọ́n má ṣe lu ihò sí síìlì àtijọ́ kankan títí a ó fi mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Kì í ṣe ojú rere ni a ń tọrọ. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 1987, Factories Act, pàṣẹ pé kí ilẹ̀, àtẹ̀gùn àti ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà wà ní ipò tó dára. Òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, Employee's Compensation Act, sì sọ pé kí ẹni tó fara pa fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ náà sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín ọjọ́ 7. Nítorí náà, bí wáyà bá gbé yín ṣubú, ẹ má ṣe gbọn eruku nù kí ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì wá sọ fún wa.

Àwa náà ní ojúṣe tiwa. Ẹ má ṣe fa wáyà tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi kẹ́tù omi gbígbóná sí extension tí kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi sẹ́lótéèpù so èyí tó já; ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a ó gbé síwájú ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, a ó sì ní kí àwọn aláṣẹ dá ọjọ́ fún wa. Títí tí wọn yóò fi ṣe é, a kò ní gbà kí wọ́n tún gé owó ẹnikẹ́ni tàbí kí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀sùn nítorí wáyà tí àwọn fúnra wọn fi sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀nà. Ẹ tú jáde wá sí ìpàdé náà, ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin tó ń lo ẹ̀rọ, àti ẹ̀yin akọ̀wé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.